Ádápítà wo ló yẹ ẹ̀rọ ohùn onítíúbù yín? Bí ẹ ṣe máa yàn án láìba ẹ̀rọ jẹ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá nípa ẹ̀rọ onítíúbù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi tíúbù, gíláàsì tó ń pọ́n bíi gúlóòbù, gbé ohùn sókè: "Mo ra préáḿpù onítíúbù kan (èyí tó ń gbé ohùn máìkì sókè) ní tòkunbọ̀, wọn ò fún mi ní ádápítà. Èyí tí mo ní nílé, ti rọ́tà íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu rẹ̀ wọ ihò ẹ̀rọ náà dáadáa. Ṣé kí n tàn án?"

Ẹ má tíì tàn án. Pé ẹnu ádápítà wọ ihò ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan nípa iná tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Irú ihò kan náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń lò fún 5V, fún 9V, fún 12V, fún 24V, fún AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀, irú ti ògiri) àti fún DC (iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, irú ti bátìrì). Tíúbù fúnra rẹ̀ lágbára, ó máa ń fara da ìyà díẹ̀. Àwọn kapásítọ̀ (tó ń tọ́jú iná pamọ́) àti dáódù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) tó yí i ká ni kì í pẹ́ kí wọ́n tó jó, àwọn ni ẹ sì máa sanwó lé lórí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má gba ẹnu ẹni tó tà á gbọ́, ẹ má sì gba ádápítà tó bá a wá nínú àpò gbọ́, nítorí pé ní ọjà tòkunbọ̀, ẹ̀rọ àti ádápítà tó wà nínú àpò kan náà lè má ti ilé kan náà wá.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tó wà níwájú yín

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ohun tí ẹ máa rà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

- Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo ádápítà ìta. Préáḿpù máìkì, pédà gìtá, áḿpílífáyà kékeré fún gbohùn-sétí. ART Tube MP ni èyí tí mo máa ń rí jù, lọ́wọ́ àwọn tó ń gba orin ìjọ sílẹ̀ nínú yàrá wọn. Tíúbù 12AX7 kan ló wà nínú rẹ̀, AC ló sì ń gbà.
- Ẹ̀rọ ńlá tó ní waya iná tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Èyí kò nílò ádápítà rárá. Tiransifọ́mà tó ń sọ 230V di 120V ló nílò.
- Rédíógíráàmù àtijọ́ ti Yúróòpù, irú Grundig, Telefunken tàbí Philips tí ọ̀pọ̀ wa bá ní pálọ̀ bàbá wa. Èyí lè má nílò kí ẹ ra ohunkóhun. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ohun tí ẹ lè yí láti yan fóòtì sí.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Mítà tó lè wọn AC àti DC
- Tọ́ọ̀ṣì, àti fóònù tí ẹ máa fi ya àwòrán àkọlé ẹ̀yìn ẹ̀rọ
- Rúlà tó ní mìlímítà
- Ìwé ìlò ẹ̀rọ náà. Bí kò bá sí, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ

## Ìgbésẹ̀ méje fún ẹ̀rọ tó ń lo ádápítà ìta

1. Ẹ ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná.
Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta lẹ ń wá níbẹ̀: fóòtì (V), áḿpù (A, ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ ń fà) tàbí mílíáḿpù (1,000 rẹ̀ ni 1A), àti bóyá AC ni tàbí DC. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ ti dín kù gan-an.

2. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ AC àti DC kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn.
Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kú. Àmì ~ dúró fún AC. Ìlà gígùn kan tí ìlà kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀ dúró fún DC. Nígbà mìíràn, wọ́n á kọ ọ́ gbangba: 9VAC, 12VDC.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi lágbára nìyí. Tíúbù nílò iná oríṣi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kéré: èyí tó ń mú hítà inú rẹ̀ gbóná, 6.3V tàbí 12.6V fún 12AX7. Ìkejì pọ̀, ó lè ju 100V lọ, òun sì ni tíúbù fi ń gbé ohùn sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, ádápítà AC kan ṣoṣo ló ń pèsè méjèèjì. Wọ́n á to dáódù àti kapásítọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n lè máa gbé fóòtì lé orí fóòtì títí yóò fi ga tó, wọ́n á sì tún rí 48V tí máìkì kọ̀ńdẹ́ńsà nílò yọ nínú rẹ̀. AC tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. DC kì í lọ kì í bọ̀, nítorí náà fóòtì kò ní gòkè.

Ohun tí ẹ máa rí bí ẹ bá fi DC sínú ẹ̀rọ AC ni pé iná iwájú rẹ̀ lè tàn, tíúbù lè pọ́n, síbẹ̀ kò ní sí ohùn, tàbí kí ohùn máa há. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá sọ pé tíúbù ló kú, wọ́n á lọ ra tuntun, òun náà kò sì ní ṣiṣẹ́. Bí tiransifọ́mà kékeré bá wà nínú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ihò iná, ọ̀rọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé iná DC á máa sáré gba inú kọ́pà rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ títí yóò fi jó.

Tí ẹ bá fi AC sínú ẹ̀rọ DC ńkọ́? Àwọn kapásítọ̀ rẹ̀ lè wú, kí wọ́n sì bẹ́.

Ẹ má wá torí èyí gbà pé gbogbo ẹ̀rọ onítíúbù ló ń lo AC. Àwọn pédà kan wà tó ń gba DC, tí wọ́n ní ohun tó ń gbé fóòtì sókè nínú tiwọn. Ẹ ka ara ẹ̀rọ.

3. Fóòtì gbọ́dọ̀ bára mu.
Bí ẹ̀rọ bá ní 9V, ẹ ra 9V. "12V kò jìnnà sí i" kọ́ ni ìdáhùn. Àwọn tó ṣe tíúbù sábà máa ń fàyè gba nǹkan bíi 10% sókè tàbí sílẹ̀ fún hítà: bó bá jẹ́ 6.3V, ìyẹn jẹ́ láti 5.7V dé 6.9V. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ ayé tíúbù á kúrú.

Ẹ rántí irú iná tí à ń lò. Tiransifọ́mà lásán ló wà nínú ádápítà AC. Kò sí ohun tó ń tọ́jú fóòtì nínú rẹ̀. Bí iná ògiri bá gòkè láti 230V dé 250V, 9V yín á di nǹkan bíi 9.8V. Bó bá wálẹ̀ dé 190V, á di 7.4V. Níbi tí iná kì í ti í dúró sójú kan, ẹ fi sítábíláísà sáàárín.

4. Áḿpù gbọ́dọ̀ tó, ó sì lè lé díẹ̀.
Áḿpù tí wọ́n kọ sára ádápítà ni ẹrù tó lè gbé. Kò ní fi tipátipá ti gbogbo rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá béèrè 800 mílíáḿpù, 1A dára, 1.3A náà dára. 500 kò tó: ádápítà á gbóná, fóòtì rẹ̀ á wálẹ̀, ohùn á máa kùn. Hítà tó ṣì tutù sì máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn mìíràn kì í kọ áḿpù, VA ni wọ́n ń kọ. Ẹ fi fóòtì pín in: 9VA tó ń mú 9V jáde jẹ́ 1A.

5. Ẹ wo ẹnu rẹ̀.
Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní 5.5 mìlímítà níta, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ lè jẹ́ 2.1 tàbí 2.5. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. 2.1 kò ní gba pín 2.5; 2.5 á wọ pín 2.1 ṣùgbọ́n á máa mì, ohùn á sì máa já.

Fún AC, kò sí pósítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù. Fún DC, ẹ wo àwòrán róbótó kékeré tó ń fi hàn èwo ló wà láàárín. Ọ̀pọ̀ pédà gìtá ló fi nẹ́gẹ́tíìfù sáàárín, nígbà tí ádápítà rọ́tà sábà máa ń fi pósítíìfù síbẹ̀. Ádápítà rọ́tà nínú pédà gìtá, ẹ jọ̀ọ́, rárá.

6. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sí ògiri.
Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bó bá jẹ́ 120V 60Hz nìkan (Hz ni iye ìgbà tí AC ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti Amẹ́ríkà ni, ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Èyí tó yẹ kó mú 9V jáde á máa mú nǹkan bíi 17V jáde, kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ jó. Bí ẹ bá sì gbé ti 230V lọ sí Amẹ́ríkà, 4.7V péré ló máa fún yín.

Àmì kan tó wúlò lọ́jà: bí wọ́n bá kọ INPUT 100–240V sí i, tó sì fúyẹ́ bíi ṣájà fóònù, DC ló ń mú jáde, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ádápítà AC tó jẹ́ ojúlówó máa ń wúwo lọ́wọ́, torí irin tiransifọ́mà tó wà nínú rẹ̀.

7. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ.
Ẹ ki ádápítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ẹ yí mítà sí AC, 20V. Ẹ fi ẹnu mítà kan sínú ihò àárín, kí ìkejì kan ara irin ìta. Ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì kan ara wọn. Ádápítà 9V AC tí kò tíì gbé ẹrù lè fi 10.5V tàbí 12V hàn. Kì í ṣe àìsàn. Bó bá ti gbé ẹrù, á wálẹ̀.

Bí mítà bá fi òdo hàn lórí AC, ẹ yí i sí DC. Bí fóòtì bá jáde níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé DC ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀.

## Bí àkọlé ẹ̀rọ bá ti pa rẹ́

Ìwé ìlò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣì wà máa ń fi ìwé ẹ̀rọ wọn àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra: Tube MP, Tube MP Studio àti Tube MP Studio V3 kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà, ìwé tó bá nọ́ńbà tiyín mu gan-an ni kí ẹ kà.

Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá lè ṣí i fún yín, ó lè rí i pé wọ́n kọ fóòtì sára bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná. Ẹ má ṣí i fúnra yín bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Iná tó ga máa ń dúró sínú kapásítọ̀ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, àti pé nínú áḿpílífáyà ńlá, ó lè tó 400V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà ara tíúbù náà lè sọ ìwọ̀n tí ádápítà kò gbọ́dọ̀ kéré sí. Ohun tí hítà wọn ń jẹ ní 6.3V nìyí:

- 12AX7, 12AU7: 0.3A
- 6V6: 0.45A
- EL84: 0.76A
- 6L6: 0.9A
- EL34: 1.5A

Bí 12AX7 bá jẹ́ méjì lórí 6.3V, hítà nìkan ti jẹ 0.6A, ádápítà 500 mílíáḿpù ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n 12AX7 lè ṣiṣẹ́ lórí 12.6V pẹ̀lú 0.15A, nítorí náà ìṣirò yìí á ràn yín lọ́wọ́ láti kọ èyí tí kò tó, kò lè yan èyí tó tọ́ fún yín. Kí ẹ máa fi 6V dán an wò, kí ẹ gbé e sí 9V, kí ẹ tún gbé e sí 12V títí ohùn á fi jáde? Ẹ má ṣe é.

## Ẹ̀rọ ńlá tó wá láti Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà ń lo 120V, 60Hz. Nàìjíríà àti Bìrìtìkó ń lo 230V, Benin àti Togo ń lo 220V, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lórí 50Hz. Ní Brazil, ó lè jẹ́ 127V tàbí 220V, ó dá lórí ìlú tí ẹ wà, ṣùgbọ́n 60Hz ni. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun, kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀.

1. Ẹ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ sì ra tiransifọ́mà tó ń gbé ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ̀rọ 150 wáàtì, ẹ ra 300.
2. Bí ẹ bá lè yan láàárín èyí tó ń mú 110V àti èyí tó ń mú 120V jáde, ẹ mú 110V. Tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 60Hz nìkan máa ń gbóná sí i lórí 50Hz. 110V á dẹ ẹ́ lára, hítà 6.3V á sì wà ní nǹkan bíi 5.8V, tó ṣì dára.
3. Ẹ má ra kọ̀nfátà kékeré aláìwúwo tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò. Ó ń gé iná wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni. Àyọ́ọ̀nù lè gbà á, tíúbù kò gbà á.
4. Ẹ fi fíúsì 3A sínú púlọ́ọ̀gì dípò 13A, bí tiransifọ́mà náà kò bá tóbi.

Ọ̀rọ̀ 50Hz yìí gba àlàyé fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù. Tiransifọ́mà ń yí fóòtì padà. Kì í yí Hz padà. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń tẹ̀lé Hz iná, bí ọ̀pọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe, rẹ́kọ́ọ̀dù 33⅓ á máa yí ní nǹkan bíi 28. Ohùn olórin á wúwo, á máa fà, ìlù á falẹ̀. Ẹ wá púlì 50Hz (róbótó kékeré orí mọ́tò tó ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù) fún irú mọ́tò náà, torí wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní ilẹ̀ méjèèjì.

## Rédíógíráàmù Yúróòpù

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan fóòtì kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ ibikíbi. Bó bá wà lórí 110 tàbí 127, ẹ yí i sí 220 tàbí 240. Èmi máa ń yan 240 bó bá wà, torí pé iná wa máa ń gòkè. Ẹ pààrọ̀ fíúsì pẹ̀lú rẹ̀: fíúsì tó tọ́ fún 110V tóbi jù fún 220V.

## Ìkìlọ̀: rédíò tí kò ní tiransifọ́mà

Àwọn rédíò kékeré onítíúbù márùn-ún kan wà láti Amẹ́ríkà tí kò ní tiransifọ́mà nínú. Wọ́n so hítà wọn mọ́ra títí wọ́n fi tó nǹkan bíi 120V, wọ́n sì so ẹ̀gbẹ́ kan nínú iná ògiri mọ́ irin inú rẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin náà, iná ògiri ló fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ tiransifọ́mà tó ń sọ 230V di 120V kò ya ẹ̀rọ kúrò lára ògiri. Èyí tó ń yà á pátápátá ni kí ẹ béèrè fún, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ rédíò àtijọ́ wò ó ṣáájú. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ má tàn án rárá títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kíka INPUT dípò OUTPUT lára ádápítà.
- Ríra ádápítà "universal" tó ní súwíìṣì fóòtì púpọ̀. DC ni ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ kékeré sì lè yí súwíìṣì náà láìmọ̀.
- Pípààrọ̀ tíúbù kí wọ́n tó wọn ádápítà. Mítà kò gbówó tó tíúbù.
- Lílo ìnfátà tí iná rẹ̀ kì í ṣe síìnì pípé (pure sine wave, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ geere bíi ti ògiri). Ádápítà á máa kùn, á sì máa gbóná.

## Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rà

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Bí wọn ò bá tà á mọ́, ẹ wá ádápítà AC tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ orin mìíràn. Àpẹẹrẹ ni PS0913B ti DigiTech, 9V AC, 1.3A. Ó ní ti oríṣi iná kọ̀ọ̀kan, ẹ rí i pé ti 230V lẹ mú, kí ẹ sì wọn ẹnu rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ ní kí wọ́n wé tiransifọ́mà fún yín. Àwọn tó ń wé e ṣì pọ̀ nínú ọjà wa, iṣẹ́ wọn sì máa ń le ju ti inú páálí lọ. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún wọn: 230V wọlé, fóòtì tó ń jáde, áḿpù tó ń gbé. Ẹ ní kí wọ́n fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ 230V, kí wọ́n sì gbé e sínú àpótí tó ní ìdérí. Waya tó wà ní gbangba kò ṣe é gbà.

## Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa tàn án

1. Ẹ yọ máìkì àti sípíkà kúrò lára préáḿpù. Áḿpílífáyà ńlá yàtọ̀: sípíkà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo.
2. Ẹ dá ohùn sí òdo.
3. Fún ẹ̀rọ ńlá tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná so gúlóòbù olókùn 60 tàbí 100 wáàtì sáàárín waya. Bó bá mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó sì rọ̀, ó dára. Bó bá mọ́lẹ̀ gbòò tí kò rọ̀, ẹ pa á.
4. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí tíúbù gbóná, kí ẹ tó fi ohùn sí i.
5. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kan ádápítà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tọ́. Bí ẹ kò bá lè di í mú, kò tó ẹrù náà, ẹ yọ ọ́.
6. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìkùn, ẹ gbé ádápítà jìnnà sí waya máìkì kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.
7. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ, fóòtì, àti AC tàbí DC sórí téèpù funfun, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ádápítà náà. Ẹ tún lẹ ìkan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná.